Sàlẹ́ńsà Alàgbà Julius Kò Mọ Àṣírí Í Bò

Ẹ jẹ́ kí n ti èyí sọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹjọ́ wá bá mi: èmi kọ́ ni mo ní kí Alàgbà Julius lọ ra sàlẹ́ńsà yẹn. Jàfárù lorúkọ mi. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi fúrúùtù kan ní Òkè-Odò, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé mo ta ariwo fún òun rí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọjà mi. Ọ̀kadà tó bá ń ké wọlé wá bá mi, mo fẹ́ kó panu mọ́ kó tó jáde.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Alàgbà Julius. Akọ̀wé ni ní ilé-ìwé aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìpájà. Òun ló ń tẹ ìwé ìdánwò, òun ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀, òun náà ló ń gbé lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé kiri láti Command títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Èèyàn kúkúrú ni, ikùn rẹ̀ yọ síwájú díẹ̀, ohùn rẹ̀ wá tinrín débi pé tó bá bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á ní kó gbé e fún bàbá rẹ̀. Kì í bínú sí ìyẹn. Ó máa ń kí àgbà, ó máa ń kí ọmọdé, mo ti rí i tó dúró kí ajá. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn ún lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, ibẹ̀ ló ń lọ. Níbẹ̀, bí oyè rẹ ṣe tó ni àmùrè tí wàá dì mọ́ sùtánà rẹ ṣe máa rí, àmùrè yẹn náà ló sì máa sọ ibi tí wàá jókòó. Ọdún mẹ́rìnlá ni Julius ti wà ní ipò Alàgbà. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń da òróró sí àwọn tó fẹ́ di Àpọ́sítélì lórí. Nígbà tó kọ́kọ́ kàn án, ibà gbé e dè sórí ibùsùn. Nígbà kejì, ọ̀gá ilé-ìwé rán an lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà kẹta, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí bọ́ sínú omi. Àwọn tó kọ́ ní orin ìjọ ti di Àpọ́sítélì, wọ́n ń jókòó níwájú, òun sì wà lẹ́yìn, níbi tí fáànù kì í dé.

Lọ́dún yìí, orúkọ rẹ̀ tún jáde, òun àti àwọn mẹ́wàá mìíràn. Ìlànà wọn kò ṣòro í sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló le: ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n máa gba àwẹ̀ kí Sátidé ìfòróróyàn tó dé. Láti ìdájí títí dé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Ẹni tó bá jẹun láàárín rẹ̀, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, á lọ dúró de ọdún mẹ́ta mìíràn. Ẹni tó máa pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nígbà náà kò ní fẹ́ dúró mọ́, Julius sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló gbé sàlẹ́ńsà tuntun wá bá mi nínú ọ̀rá dúdú. Kúkúrú ni, ó sanra, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, irú èyí tí àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù oníbàárà kiri ń lò. Mo wò ó, mo wo Alàgbà.

"Alàgbà, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Jàfárù, wọn kì í yà fún mi lọ́nà. Tí mo bá tẹ họ́ọ̀nù, wọ́n á ní ta ló ń fi ohun ìṣeré ọmọdé ṣeré. Mo fẹ́ di Àpọ́sítélì o. Ó yẹ kí èèyàn gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀, àbí?"

"Wọ́n á gbọ́," mo ní. "Ti ìyẹn ò ṣòro rárá."

Mo sọ fún un pé òrùka bàbà kan wà tó yẹ kó wà níbi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, pé òun ló ń dí ẹnu rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé, pé èyí tí wọ́n tà fún un kò ní, àfi kí n dé ọjà Ládípọ̀ kí n tó rí i rà. Ó ní òun ń kánjú. Ó ní ṣebí mo máa ń fi páálí gé nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà. Òótọ́ ni, mo máa ń gé e, ṣùgbọ́n fún ibi tí kò gbóná ni. Nígbà tó bẹ̀ mí títí, mo gé páálí bísíkíìtì, mo fi há a. Mo ní, "Alàgbà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni èyí máa lò kó tó jóná. Ẹ padà wá o." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò padà wá.

Ní ọjọ́ kẹrin mo gbọ́ ọ láti òkèèrè. Tó bá ń sáré, ó kàn ń kùn bí ọ̀kadà tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi tó fẹ́ yà, tó wá dẹ ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń fún un ní iná láti sáré, ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀: pọ́ù! Pọ́-pọ́-pọ́ù! Àwọn adìyẹ Ìyá Ìyábọ̀dé kò yé ẹyin fún ọjọ́ méjì, ìyá náà sì ní èmi ni òun máa bi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro í yé. Tí ẹ bá ń fún ọ̀kadà ní iná, epo àti afẹ́fẹ́ máa ń jó pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì, èéfín nìkan ló ń bọ́ sínú sàlẹ́ńsà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dẹ ọwọ́ lójijì, nígbà tí táyà ṣì ń fa ẹ́ńjìnì yí, kì í lè jó epo náà tán mọ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á ré kọjá ní tútù, á bọ́ sínú páìpù tó gbóná janjan. Sàlẹ́ńsà tó bá ọ̀kadà wá láti ilé iṣẹ́, ibi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnì dí pinpin, inú rẹ̀ sì kún fún ìdènà, nítorí náà epo yẹn á rọra bá èéfín jáde. Tuntun yìí ṣí gbayawu, páálí mi sì ti jóná, afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò wọlé. Kaburétọ̀ náà, tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, sàlẹ́ńsà àtijọ́ ni wọ́n ṣe é bá mu. Ìwọ̀n epo tó ń fi sílẹ̀ kò tó mọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kó máa jó dáadáa. Ni epo, ooru àti afẹ́fẹ́ bá pàdé nínú páìpù. Ẹni tó bá ti ṣí ààrò èédú tó ń rú èéfín lójijì rí, tí iná sì bù ú sójú, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ba nǹkan jẹ́: sàlẹ́ńsà Alàgbà kì í sọ ibi tó ń gbà kọjá. Ibi tó ti ń dúró nìkan ló máa ń sọ.

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, Julius ṣe dáadáa. Ọjọ́ kejì, ó ṣe dáadáa. Ọjọ́ kẹta, ata Miriam mú un.

Ẹ̀wà agọ́nyìn ni Miriam ń tà. Ará Àgbádárìgì ni, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bùkátérìà onípákó rẹ̀ sì wà nínú ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Ògiri búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ló wà láàárín ìkòkò rẹ̀ àti ilẹ̀ oníyanrìn tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Ọ̀sán gangan ló máa ń dín ata nínú epo pupa. Tí òórùn yẹn bá gbéra, èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, tí mo ń gba àwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́dọọdún láìyẹ̀, mo máa ń ju sípánà sílẹ̀ ni. Orí ọ̀nà tóóró náà gan-an ni igi mi wà, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ti òpópónà wọ ibẹ̀ kí n má rí i.

Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alàgbà yà wọlé láti òpópónà, ó dẹ ọwọ́ bó ṣe ń sún mọ́ bùkátérìà: pọ́ù! Pọ́-pọ́-pọ́ù! Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó nu ẹnu, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, àti lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Kì í ṣe àwẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ògiri, àdúrà ọ̀sán ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nílé ló máa ń wà níbẹ̀ láti aago méjìlá sí méjì. Wọ́n yọ̀ǹda ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Julius nìkan sì nìyẹn, kó máa gbàdúrà níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta léraléra tí wọ́n gbọ́ ìbọn ní aago kan náà, Ìyá Charity, tó jẹ́ aríran ìjọ, dìde dúró, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní òun rí ọkùnrin kúkúrú kan nínú ẹ̀mí, tó gbé ìbọn lẹ́yìn ilé, tó ń yìn ín sí àwọn tó fẹ́ gba òróró. Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin kúkúrú, ó rí i. Ẹ̀yìn ilé, ó rí i. Ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò rí.

Wòlíì Báyọ̀dé, olórí ìjọ, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kéde àdúrà ogun lójoojúmọ́, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ. Alàgbà Godswill ló darí rẹ̀. Télọ̀ ni Godswill, òun ló ń rán sùtánà fún gbogbo ìjọ, òun náà wà lára àwọn mọ́kànlá, ohùn rẹ̀ sì le débi pé mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ igi mi: "Gbogbo ìbọn tó ń dún lẹ́yìn ilé wa, yíjú sí ẹni tó gbé ọ! Bú mọ́ ọn lọ́wọ́!" Ìjọ á ní, "Àmín!" Julius, tó máa ń fi ẹsẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ilé, wà láàárín wọn nínú sùtánà, ẹ̀wà Miriam ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Ó ní fún mi lẹ́yìn náà pé tó bá ti kan Àmín, ikọ́ ni òun máa ń wú.

Ní ọjọ́ kejìlá ló wá bá mi, ó ti ń làágùn kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Jàfárù, bá mi mú ariwo yìí kúrò. Jọ̀ọ́. Ọjọ́ méje rèé tí mo ti ń gbàdúrà lòdì sí ara mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òrùka bàbà fún un, mo ní máa lọ sí Ládípọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, máa sì yí kaburétọ̀ rẹ̀ kó lè máa gba epo tó tó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, á dákẹ́.

"Ìrọ̀lẹ́ ti pẹ́ jù. Aago kan ọ̀sán ńkọ́?"

"Kí ló wà ní aago kan ọ̀sán, Alàgbà?"

"Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni."

"Ata wà ní kọ́là yín."

Ó fọwọ́ kan kọ́là, ó wo ìka rẹ̀, ó wá jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀. Mo rò pé á sọ pé ọgbẹ́ inú ló ń yọ òun lẹ́nu, tàbí pé dókítà ló ní kí òun máa jẹun. Gbogbo wa la máa ń ní dókítà tó bá di irú èyí. "Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí, Jàfárù," ó ní. "Ọ̀jẹun ni mí. Alaalẹ́ ni mo máa ń búra pé mi ò ní lọ mọ́. Tó bá ti di ọ̀sán, ọwọ́ mi á ti yí orí ọ̀kadà síbẹ̀ kí n tó mọ̀." Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ má lọ lọ́la ṣá," mo ní. "Ọ̀la àti ọ̀túnla ló kù."

"Mi ò ní lọ."

Ó ń gun ọ̀kadà rẹ̀ ló tún yíjú padà. "Àwọn ọlọ́kadà kan máa ń pa kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí epo tó wọ́n. Wọ́n á jẹ́ kó yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í pariwo, àbí?"

"Tí wọ́n bá fà á sí fíríì," mo ní, "tí jíà kankan ò sí lára rẹ̀. Tí jíà bá wà lára rẹ̀, táyà á máa fa ẹ́ńjìnì yí, ẹ́ńjìnì á sì máa fa epo. Nígbà tí ẹ bá tún tan kọ́kọ́rọ́..." Ó ti lọ. Mo pariwo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí sàlẹ́ńsà yẹn ṣe rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti Ládípọ̀ dé ní aago méjìlá, òrùka bàbà wà nínú àpò mi. Bí aago kan ṣe ń lọ lù, mo gbọ́ agogo. Wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì Báyọ̀dé jáde sínú ọ̀nà tóóró, ó gbé àgbélébùú lọ́wọ́, Ìyá Charity tẹ̀ lé e. Alàgbà Godswill àti àwọn mẹ́sàn-án yòókù tó ń gba àwẹ̀ tún tẹ̀ lé wọn, gbogbo wọn lẹ́sẹ̀ lásán, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú àbẹ́là tí wọ́n tàn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, ọ̀tún àti òsì bùkátérìà Miriam. Wọ́n wá mú ọkùnrin kúkúrú tó ń yìnbọn. Miriam wò wọ́n, ó da omi sẹ́wà.

Mo yọ fóònù, mo pe Julius. Kò gbé e. Mo ní bóyá ó mú ìlérí ṣẹ, bóyá ó wà ní ọ́fíìsì. Mo gbójú sókè, ó ń yà bọ̀ láti òpópónà.

Mo sáré bọ́ sójú ọ̀nà, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ń jù wọ́n. Ẹni tó máa ń kí ajá! Ó rò pé mo ń kí òun ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó juwọ́ padà, ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ kí n lè rí bó ṣe gbọ́n tó, ó sì pa á. Ọ̀kadà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìdún, àfi ẹ́ńjìnì tó ń yí lábẹ́nú: fùkù, fùkù, fùkù. Jíà kẹta wà lára rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, epo tútù ló ń bọ́ sínú páìpù gbígbóná.

Ó kọjá ìdajì ọ̀nà kó tó rí wọn. Mo rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe le gan-an. Tó bá fà bíréèkì, àárín wọn ló máa dúró sí. Ó pinnu láti sá kọjá, ó sì tan kọ́kọ́rọ́.

Mo ti gbọ́ tí táyà tírélà bẹ́ rí. Mo ti gbọ́ tí tíránsífọ́mà bú ní Ìgandò rí. Èyí jù wọ́n lọ. Iná yọ ní ìdí sàlẹ́ńsà, ó gùn tó apá mi. Gbogbo aṣọ funfun dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Godswill bọ́ sínú gọ́tà, àbẹ́là gbogbo kú. Ìdérí ìkòkò Miriam yí lọ títí dé ẹsẹ̀ mi. Ọ̀kadà náà kú sí àárín wọn gan-an, Julius ṣì jókòó lórí rẹ̀, ó dijú.

Ìyá Charity ló kọ́kọ́ dìde. "Ó ti bú mọ́ wọn lọ́wọ́!" ló fi igbe bọnu. "Mo rí i! Bí ẹ̀mí Alàgbà Julius ṣe gbé e dé, ìbọn wọn bẹ́! Àwọn ọ̀tá ti sá lọ!" Àwọn yòókù dìde, wọ́n gbọn yanrìn kúrò lára, orin bẹ̀rẹ̀. Wòlíì Báyọ̀dé mú ọwọ́ Julius gbé sókè. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run fi lé ọ̀tá nìyí, ẹni tí a ti fi sẹ́yìn fún ọdún mẹ́rìnlá, pé lọ́jọ́ Sátidé òun ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Wọ́n dì mọ́ ọn. Ẹnì kan ń sunkún.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní ẹ wò ó, ọkùnrin yìí ti bọ́. Kò ní láti parọ́ rárá, wọ́n ti bá a pa á tán, wọ́n sì ti gbé e fún un. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Ó wá ojú mi láàárín wọn. Mo wo igi mi.

"Bàbá Wòlíì," ohùn tinrín yẹn ní. Orin kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó tún un sọ. "Bàbá Wòlíì, kì í ṣe ìbọn. Sàlẹ́ńsà mi ni. Òun lẹ ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí."

Orin ń kú díẹ̀díẹ̀. Wòlíì bi í léèrè kí ló wá ń wá ní ọ̀nà yìí lójoojúmọ́.

"Ẹ̀wà ni, Bàbá. Mò ń wá jẹ ẹ̀wà. Láti ọjọ́ kẹta àwẹ̀."

Ìyá Charity jókòó sórí yanrìn. Wòlíì yíjú sí Miriam, ó ní ṣé lóòótọ́ ni. Miriam ń nu ṣíbí. "Ẹ̀wà ni mò ń tà, Bàbá," ó ní. "Mi ò kì í bi èèyàn bóyá ó ń gba àwẹ̀."

Wòlíì wo àwọn mẹ́wàá yòókù. "Ṣé ẹlòmíràn wà láàárín yín?" Mẹ́wàá ni orí tó wà ní títẹ̀ ba, Godswill ń fún omi gọ́tà kúrò ní apá aṣọ rẹ̀. Wòlíì mí kanlẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ, ó fi bírò fa ìlà kọjá lórí orúkọ kan. "Ọdún mẹ́ta, Julius," ó ní. Julius dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yanrìn, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kadà rẹ̀ gòkè. Mo lọ bá a tì í. Mo ń bínú débi pé mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Òmùgọ̀ ni mo pè é lójú ọ̀nà, ojú mi sì kún fún omi.

Sátidé dé. Julius lọ sí ìfòróróyàn, ó jókòó sẹ́yìn, ó bá wọn kọrin. Nígbà tí wọ́n parí, ó wá gba ọ̀kadà rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti fi òrùka bàbà sí i, mo ti yí kaburétọ̀, mo ní kó gbìyànjú rẹ̀. A jọ gùn ún sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Miriam, ó dẹ ọwọ́, kò dún pọ́ù kan. Àwẹ̀ ti tán, oúnjẹ kì í ṣe èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Julius jẹun díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò rí i rí kó jẹun bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣí díẹ̀, ẹnì kan yọ jáde, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Àpọ́sítélì Godswill ni, òróró ṣì ń dán níwájú orí rẹ̀, àmùrè tuntun sì wà ní ìdí rẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Òpó bùkátérìà bò wá, kò rí wa. Ó ti wọlé tán.

Miriam ti na ọwọ́ sí àwo kó tó kí i. "Ẹ kú oríire o, Bàbá. Ṣé bíi ti gbogbo ọjọ́ àwẹ̀ yẹn náà, ẹ̀wà púpọ̀, kí n gbé ata sọ́tọ̀?"

Godswill fẹ́ dáhùn, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára wa lórí bẹ́ńṣì. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òun ń fi ẹsẹ̀ wá ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, lórí yanrìn. Kí ni ìjọ ì bá gbọ́ lára ìyẹn?

Mo ti dìde. Mo ti gbá èémí jọ tí Òkè-Odò látòkè délẹ̀ máa fi gbọ́ mi. Julius gbá mi lẹ́sẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, ó fi gbogbo agbára tó ní fà mí padà sórí ìjókòó. Lẹ́yìn náà ló sún wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyè tó ṣẹ́ kù lórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ jókòó, Àpọ́sítélì," ó ní. "Ó ṣì gbóná."

Godswill jókòó. Miriam gbé àwo síwájú rẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó dì í mú, a sì jẹ tiwa tán kó tó gbé e kan ẹnu.